Òpó Kan Péré

Ọjọ́ tí yìnyín ti odò Emajõgi pinpin ní Tartu,
Hilja Kängsepp pè wá láti ilé ìkàwé Võru.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ó ní àṣìṣe kan ṣoṣo lòun fẹ́ nù kúrò,
àfi bí òun ṣe nu gbogbo abúlé:
ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá,
àwòrán, orúkọ oko, ta ló ni kànga wo.
"Ṣé kò síbi tí ẹ máa ń kó o pamọ́ sí ni?"
Mo dákẹ́. Èmi ni mo kọ́ ilé náà,
n kò sì yọ ilẹ̀kùn sẹ́yìn rẹ̀.

Lóru yẹn, kófì tutù sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo fi òpó kan péré kún àtẹ:
ọjọ́ tí a pa á rẹ́.
Bó bá ṣófo, ojú ìwé ń mí.
Bí déètì bá wà níbẹ̀, kó fara pamọ́,
kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àmọ́ kó má kú.
Omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Taavo kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.
"Bó bá jí, ta ni yóò jí àwọn àwòrán rẹ̀?
Bí ẹlòmíràn bá ti gba orúkọ rẹ̀ ńkọ́,
tó ti ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀?"
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń bá orúkọ fà á.
A so àwòrán mọ́ òkú: bó bá dìde, kí wọ́n dìde.
Èyí tí ẹnìkan ti dìídì pa rẹ́ ṣáájú, kó máa sùn lọ.

Lẹ́tà kan wá dé, kò ní orúkọ.
Àwòrán ìgbéyàwó kan wà níbẹ̀;
ọkùnrin inú rẹ̀ máa ń lu òun.
"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó fara pamọ́. Kó lọ."

Mo ṣe bọ́tìnì kejì, pupa,
tó ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọ́ agbè.
Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Òpó mi kò lè ṣe nǹkan kan fún Hilja;
abúlé rẹ̀ ti lọ kí ọgbọ́n tó dé.
Ó ń tẹ̀ ẹ́ padà látinú ìwé àfọwọ́kọ, kànga kan lóòjọ́.
Lánàá ó tún ṣèèṣì pa ọ̀kan rẹ́.
Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.
"Ẹ wo igun òsì, nísàlẹ̀."
Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún.
Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.