Ẹ̀yìn Àpótí

Wọ́n ń dìbò ní ṣọ́ọ̀bù Adétùlà onígbàjámọ̀:
eré orí tẹlifíṣàn wo ló dára jù látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é?
Ẹnì kan ní ti Kòríà, torí ẹkún wọn mọ́ tónítóní.
Ẹnì kan ní ti Mẹ́síkò, níbi tí àbúrò ti ń gba ọkọ ẹ̀gbọ́n,
tí ẹnu ń lọ sọ́tùn-ún, tí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lósì.
Fẹ̀yìntọlá ọmọ Akíndùró, tí kò tíì pé ogún ọdún,
ní orí fóònù lòun ti ń wo tòun,
apá mẹ́wàá lóru ọjọ́ kan, bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Wọ́n yíjú sí mi. “Bàbá Onítẹlifíṣàn, ẹ̀yin ńkọ́?”

Ẹ má bi mí.
Ogójì ọdún ni mo fi tún tẹlifíṣàn ṣe ní Àrákàlẹ̀,
ẹ̀yìn àpótí ni mo mọ̀.
Ẹ mọ ojú òṣèré, èmi mọ wáyà,
eruku, aáyán tó gan mọ́ ibi iná.
Bí wọ́n bá ṣe ń sáré gbé e wá ni mo fi ń mọ eré tó dùn.
“Oníṣòwò Kòkó”: mẹ́ta péré lọ́jọ́ Ajé.
Ṣùgbọ́n “Kọ́kọ́rọ́ Ilé Àna”!
Tó bá di Ọjọ́rú, ìyàwó pásítọ̀ á máa bá oníbúrẹ́dì jà lórí ìlà.

Ọjọ́rú tó máa parí, òjò.
Ìyá Akíndùró ru tirẹ̀ wá láti Ìjọ̀mú,
ó fi ìborùn bo tẹlifíṣàn, òjò ń pa òun.
Mo tú u. Ó ti jó kọjá àtúnṣe.
Ẹnu mi ò gbà á láti sọ.
Mo gbé tèmi, dúdú òun funfun, mo kọjú rẹ̀ sí títì.
Kí n tó nu ọwọ́, èèyàn ti kún dé etí gọ́tà.
Wọ́n mú iná lọ.
Mi ò tíì gbọ́ irú ìmí ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀ nílé òkú.

Ògúnmọ́rótì, awakọ̀ agbégẹdú,
ló tú bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ wá, kò sọ̀rọ̀.
Kò sóhun tí mo lè fi dè é.
Ọwọ́ ni mo fi tẹ wáyà méjì mọ́ ọn
fún ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́yìn àpótí.

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí.
Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ní, “Ìwọ!”
Mi ò mọ ẹni tó wọlé títí dòní.
Ojú wọn ni mò ń wò:
ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ eérú ń kọjá lórí wọn
bí kùrukùru ṣe ń gba ara òkè Ìdànrè kọjá láàárọ̀,
Ìyá Akíndùró ti ìka bọ ẹnu,
ọmọdé kan gbàgbé láti mí,
Ògúnmọ́rótì tó ń dá igi ìrókò gbé ń sunkún, kò nù ún.
Ọwọ́ mi ń gbóná.
Bí mo bá jù ú sílẹ̀, gbogbo ojú yẹn á kú pọ̀.

“Ẹ dìbò, Bàbá.”
Mo ní, “Kọ́kọ́rọ́ Ilé Àna.”
Fẹ̀yìntọlá ní òun ò gbọ́ ọ rí, báwo ló ṣe parí?

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi.
Mo ní kó lọ bi ìyá bàbá rẹ̀,
òun ló rí i.