Eyín Ń Yí, Òdo Ló Ń Kà

Ọjọ́bọ̀ ni Alhaji Dangana pè mí
pé katapílà òun ti kú sẹ́nu iṣẹ́ ní Mpape.
Kò kú o. Mo bá a lórí ìdúró, ó ń gbọ̀n,
ẹ́ńjìnnì ń ròkè, ó ń wálẹ̀, bí ẹni tí ibà ń ṣe,
apá gígùn rẹ̀ nà síwájú lásán,
kò lè gbé òkúta tí ọmọdé fi ń ti ilẹ̀kùn.

Mo gòkè wọ àpótí awakọ̀.
Gíláàsì kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré tó
kọ òdo.
Òdo! Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ bàtà mi,
ìjókòó ń lù mí nídìí,
èéfín dúdú ń rọra lọ sí Maitama tí kò mọ̀ wá rí,
ẹ̀rọ ní òun dúró jẹ́ẹ́.

Tòkunbọ̀ ni. Ọdún méjìlá ló fi walẹ̀ níbi tí yìnyín ti ń bọ́
kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.
Mo ní, "Alhaji, ta ló mọ ọwọ́ tó ti kàn án?"
Ó ti ra sẹ́ńsọ̀ méjì ní Kugbo. Òdo, òdo.
Ó ń na ẹ̀kẹta sí mi nínú ọ̀rá,
owó ilé-ìwé ọmọ mi ní sáà kan gbáko.
Mo ní kó ṣì mú un dání ná.

Shekwolo gbé mítà wá.
A wọn sẹ́ńsọ̀: ara rẹ̀ dá.
A tọ wáyà títí dé ọpọlọ ẹ̀rọ lẹ́yìn ìjókòó,
mò ń mì ín díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jí ọmọ ọlọ́mọ,
Shekwolo tẹjú mọ́ nọ́ńbà bóyá yóò fò.
Kò fò.
Ọpọlọ ńkọ́?
Ọpọlọ kì í mọ ohun tí etí kò gbé wá.

Oòrùn ti dé àtàrí. Baba Àtàndá, ọ̀gá mi,
jókòó lórí táyà, eruku òkúta funfun nírùngbọ̀n.
Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ti ti etí rẹ̀ méjèèjì pa.
Òun ló kọ́ mi kí n fi ìdí sukudiráfà ti etí,
kí n fi ẹnu rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnnì,
kí n gbọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn nínú wọn.
Lánàá, ìyàwó rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì
níbi tí àgbá eléyín ti ń yí nínú òkùnkùn,
tí sẹ́ńsọ̀ ń yọjú wò ó láti ojú ihò,
eyín, àlàfo, eyín, àlàfo,
ìyẹn ló yẹ kó máa kà.
Ó kígbe bí adití ṣe ń kígbe:
"Ó jìnnà sí i!"

A pa á. A tú sẹ́ńsọ̀.
Wáṣà méjì ló wà nídìí rẹ̀,
ó nípọn bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ó gbé e kúrò níwájú eyín.
Mo mọ wáṣà náà.
Ọyẹ́ tó kọjá, epo ń kán, Alhaji ń kánjú,
mo wá nǹkan dí i, mo dè é, mo gbowó,
mo gbàgbé.
Shekwolo wò mí. Mo ki wáṣà bọ àpò.

Yí i wọlé kó kan orí eyín,
kí o dá a padà ní ìyípo kan péré:
bó bá súnmọ́ jù, eyín á jẹ ẹ́,
bó bá jìnnà, kò ní gbọ́ nǹkan kan.
Mo ṣáná.
Ẹgbẹ̀rin. Ẹgbẹ̀rún. Ẹgbẹ̀jọ.
Apá gígùn gbéra, ó gbé òkúta, inú Alhaji dùn,
ó dá sẹ́ńsọ̀ ẹ̀kẹta padà sápò, ó ń ka owó fún mi.

Ọwọ́ Baba ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì.
Mo ní, "Baba, èmi ni mo fi wáṣà yẹn síbẹ̀."
Ó ní, "Hẹ̀n?"
Mo sún mọ́ ọn.