Ìjókòó Tí Kò Ní Táyà

Stọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ní Sábó,
lẹ́bàá ojú irin, níbi tí eèsún ti ń bo rélùwéè.
Kòkó ti lọ tipẹ́, òórùn rẹ̀ kò lọ.
Ẹsẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n: ìgbésẹ̀ méjìlélógún ní gígùn,
mọ́kànlá ní ìbú, ó ku bíńtín.

Alága Oyèkànmí ní, "Gàníyù, kọ́ pèpéle síwájú,
oníkankéré, kó ga, kí àdúgbò máa rí wa."
Mo ní, Alága, pèpéle tẹ́ ẹ bá kọ́ fún ìpàdé Sátidé,
ta ni yóò bá wa gbé e kúrò ní Ọjọ́rú?
Ọjọ́rú ni Nọ́ọ̀sì Mojírádé ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́;
bí ẹkún bá rọlẹ̀, àwọn ìyá àgbà tó ń kọ́ ABD á wọlé,
wọn á fẹ́ tábìlì tí kì í mì, kí lẹ́tà má baà wọ́.
Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, máṣíìnì ìránṣọ á dé.
Ilé kan, ikùn mẹ́rin.
Alága wò mí títí, ó fẹ́ fìlà rẹ̀, ó wọ mọ́tò.

Mo bá fi táyà sí ìdí gbogbo nǹkan.
Tábìlì ń ká ẹsẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ sùn,
àga ń pọn ara wọn,
ògiri pákó rọ̀ sórí irin,
ọmọ ọdún mẹ́fà ń fi ìka kan tì í.
Ràfátù ìyàwó mi wá wò ó. Ó yí ká lẹ́ẹ̀mejì.
"Ó dáa," ló wí. "Níbo lèèyàn yóò wá fẹ̀yìn tì?"
Mo rò pé àwàdà ni.

Bàbá Làmídì ló ṣọ́ stọ́ọ̀ náà láyé kòkó.
Ojú rẹ̀ ti ṣú báyìí; ọ̀pá ló mọ̀nà.
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó dé síbi fèrèsé,
ó fọwọ́ wá ìjókòó tó fi sílẹ̀ lánàá,
ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, nínú òfo.
Kò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ ti kó wọn lọ, àbí?"
bí ẹni tó ń bi mí nípa àpò kòkó.

Mo yọ táyà mẹ́rin. Mo kan ìṣó mẹ́jọ.
Alága dé, ó tọ́ka sí i, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Ìwọ tó ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ dúró!"
N kò fèsì. Ìṣó kan ṣì wà lẹ́nu mi.