Awọ Ẹkùn Kẹtàlá

Ẹkùn kú, awọ ló kù:
àwòrán ilẹ̀ kan lára ògiri
ilé ìfìwéránṣẹ́ Corbin Shoals.
Verdie Maddox ló ń nu eruku rẹ̀.
Ó há àwọn aṣojú wa sórí bí orúkọ ọmọ ara rẹ̀:
Asa Tolliver tó gun ìbaaka dé Washington,
ẹrẹ̀ odò wa ló fi ba kápẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́;
Lemuel Crouch, ọdún méjìlélógún lórí àga,
ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀ —
ó ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé.
Nígbà tí kòtò èédú wó pa ọkùnrin mọ́kàndínlógójì,
Nola Fairchild dìde, ó ń ka orúkọ wọn.
Wọ́n lu òòlù mọ́ tábìlì, wọ́n ní àkókò rẹ̀ ti tán.
Kò jókòó.

Ìkànìyàn dé.
Àwọn ọmọ ti bá iṣẹ́ lọ sí Detroit,
iye wa ò pé mọ́.
Akọ̀wé kan tí kò fẹsẹ̀ kan odò wa rí
fa ìlà,
ó pín wa sí mẹ́ta bí ẹran ìgbẹ́.

Ìlà yà, odò ò yà.
Ẹ bi Verdie pé ẹkùn wo ló ti ń dìbò,
á ní, "Kẹtàlá,"
á máa nu gíláàsì rẹ̀ lọ.