Ẹnu Àwo

Ọ̀kẹ́ mẹ́ta náírà ló wà nínú agolo mílíìkì.
Mo kà á lórí ibùsùn,
mo tún un kà ní gáréèjì Kúje kí n tó wọ bọ́ọ̀sì.
Owó oṣù tíṣà kì í pọ̀ sí i nítorí pé a tún un kà.

Ìbídàpọ̀ ló fà á.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ka ìwé kan tán nílé ẹ̀kọ́,
ó ní ìràwọ̀ kan wà lókè tó wọ òrùka,
ó ní, "Màmá, ṣé ojú lásán lè rí i?"
Mo ní rárá, a ó ra awò awọ̀nàjíjìn.
Ẹnu ara mi ni mo fi jẹ gbèsè.

Ní Wúsè, ọ̀gá Okwudili gbé páálí kan ka orí káńtà.
"Ìlọ́po ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta!" ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà,
wọ́n ya ìràwọ̀ olórùka sí i lára,
ó tóbi ju ọsàn lọ, ó pọ́n bí epo.
Ọ̀kẹ́ méjì àbọ̀ péré.
Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
ó gbọ̀n bí ewúrẹ́ tí òjò pa.
"Afẹ́fẹ́ ni, Màdáàmù."
Inú ṣọ́ọ̀bù la wà. Fáànù ò ṣiṣẹ́.

Mo yà lọ́dọ̀ Málàm Ishaku kí n tó náwó.
Ọmọ Gbàgyí ni, ó wọn ilẹ̀ fún ìjọba
nígbà tí ìlú yìí ṣì jẹ́ koríko;
ọgbọ̀n ọdún ló fi di ojú kan, tó fi ìkejì wo ọ̀nà jíjìn.
Kò bi mí pé èló ni.
Ó ní, "Bí òjò bá ń bọ̀ lóru, tí kànga ti gbẹ,
kí lo máa gbé síta, ìgò tàbí ọpọ́n?"
Mo ní ọpọ́n.
"Òjò náà ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀.
Ọrùn gígùn kọ́ ní í gbomi òjò, ẹnu àwo ni.
Èyí tó ń pariwo ìlọ́po yẹn, ẹnu ìgò ló ní."
Mo bi í léèrè èyí tó lẹ́nu bí ọpọ́n.
"Ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá."
Àwa méjèèjì wo ilẹ̀.

Ó wọlé, ó mú awò olójú méjì kan jáde,
àpò rẹ̀ ti ya,
ilà tín-ín-rín kan wà lójú òsì.
Mo ní kò burú, bàbá mi náà kọlà.
"Ọ̀kẹ́ méjì. Kò ní fi òrùka hàn yín, mi ò ní purọ́.
Ṣùgbọ́n bó bá fi òṣùpá hàn ọ́,
wàá fẹ́ ra ọṣẹ fún un."

Nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé e sórí itan bí ọmọ tó ń sùn.
Ẹni tó lọ ra òrùka, tó ra ojú bọ̀,
kí ló fẹ́ wí nílé?

Alẹ́ àkọ́kọ́, ọyẹ́ gbé sánmà mì.
Alẹ́ kejì, eruku.
Alẹ́ kẹta, ẹ má bi mí.
Lọ́jọ́ kẹrin, afẹ́fẹ́ gbá òkè mọ́, iná sì lọ ní gbogbo àdúgbò.
Èmi tí mo máa ń ṣépè, mo dúpẹ́.

Ìbídàpọ̀ gbé ìgúnpá lé ògiri kí ọwọ́ má baà gbọ̀n.
Òṣùpá wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí èékánná,
Àgùàlà dúró tì í.
Mo ní àwọn àgbà ní ó ń bóṣù rìn,
àwọn kan ṣebí ajá rẹ̀ ni.
"Kì í ṣe ajá," ni ó wí, kò gbójú kúrò.
Lẹ́yìn náà: "Màmá, ojú òṣùpá kún fún ihò."
Lẹ́yìn náà, kò sọ nǹkan kan mọ́,
ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dí.
Àwọn ọmọ Sabi'u ti gun ògiri wọn,
"Nima! Nima!"
awò náà ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ bí omi ìṣínu.

Ó bi mí nígbà tí a wọlé:
"Òrùka ńkọ́?"
Mo ní ó wà níbẹ̀. Kò ní sá.

Ọ̀kẹ́ kan ló ṣẹ́kù nínú agolo.
Mo kà á.
Ó ku méjìlá.