Ẹ̀yìn Á Dára

Bí mo bá ti ń kọjá l'Ókè-Ṣọpẹ́n,
wọn a ní, "Baba Múnírù, ẹ̀yìn yín á dára o!"
Mo ń ṣe àmín, ọwọ́ mi ń bẹ lẹ́yìn,
nítorí n ò mọ èyí tí wọ́n ń ṣàdúrà fún:
ọjọ́ ọ̀la ni, àbí egungun?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé pákó
nílé ìlagẹdú, n'Íjẹ̀bú-Igbó.
Arère fúyẹ́. Àfàrà kò le jù.
Ìrókò ni kì í mọ ọ̀rẹ́.
A máa ń kà á lé ara wa léjìká: mẹ́ta, mẹ́rin.
Ẹ̀karùn-ún ni ti ọmọ tó fẹ́ san owó ìdánwò.
Ẹ̀karùn-ún yẹn ni mò ń jẹ gbèsè rẹ̀ títí dòní.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí èèrà tó ń rìn nítan.
Ó di iná. Ó di ayùn
tó gba ìdí wọlé, tó ń wá ọmọ-ìka ẹsẹ̀ lọ.
Mo dúró, ó ń ta mí. Mo jókòó, ó tún burú jù.
Èmi tí mo ti gbé igi tó ga ju ilé lọ,
ìbọ̀sẹ̀ wá di ẹrù.
Sìdíkátù ló ń bá mi wọ̀ ọ́.

Sìdíkátù fi àdín àgbọn pa mí lára, ó fi òrí pa á,
ó rọ omi gbígbóná sínú ike, ó tì í mọ́ mi lẹ́yìn.
Ó tù mí. Omi náà tutù, ìtura bá a lọ.
Mo dé Àtíkòrí, lọ́dọ̀ Baba Ṣówándé tó ń to eegun.
Ó tẹ̀ mí wò títí, ó mú ọwọ́ kúrò:
"Èyí tó bá ṣẹ́ ni mò ń tò. Tìrẹ ò ṣẹ́,
nǹkan ló há a mọ́. Lọ síbi tí wọ́n ti ń rí inú."
Ọlọ́run ṣe é lóore.
Ẹlòmíràn ì bá ti gbowó mi.

Gbogbo kòtò tó wà láti Òrù títí dé Ṣágámù,
ìdí mi ni mo fi kà wọ́n.

Dókítà Ọ̀sìbógùn kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ.
Ó gbé fọ́tò ẹ̀yìn mi síwájú iná.
"Ẹ wo tìmùtìmù àárín egungun yìí, Bàbá.
Ó ti yọ síta, ó jókòó lé iṣan tó ń lọ sẹ́sẹ̀."
Mo wò ó. Òkìtì pákó ni mo rí,
tí ọmọṣẹ́ kan tò wọ́gọwọ̀gọ.

Ó ní ọ̀nà ò kan ṣoṣo.
Oògùn ìrora wà, kí n má ṣáà sọ ọ́ di gúgúrú,
ikùn ń bẹ níbẹ̀, kíndìnrín ń bẹ níbẹ̀.
Abẹ́rẹ́ wà, ẹ̀gbẹ́ iṣan gan-an ni wọ́n ń gún un sí,
ó lè dẹ̀ ẹ́ lóṣù mélòó kan, ó sì lè máà dẹ̀ ẹ́.
Ìdárayá wà, oṣù mẹ́ta, kò sí pé ó rẹ̀ mí.
Iṣẹ́ abẹ náà wà.
Sìdíkátù di apá mi mú.
"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sẹ́yìn ná," ni dókítà wí.
Mo ní, "Ẹ̀yìn náà kúkú ni."
A rẹ́rìn-ín, ó dùn mí dé itan.
Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́:
"Bí ìtọ̀ bá sé, tàbí tó ń dà tí ẹ ò mọ̀,
bí ẹsẹ̀ bá ń kú lọ,
ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́ o."

Mo béèrè iye tí yóò jẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí.
Òun náà, ará Ìperu,
ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó lanu.

Láàárọ̀, lórí ẹní, mò ń gbé ìdí sókè, mò ń sọ ọ́ kalẹ̀.
Òdùbọ́tẹ̀ tó ń kọ́ mi ní ikùn ni òpó ẹ̀yìn,
òpó tèmi sì ti jẹra.
Mẹ́wàá. Ìsinmi. Mẹ́wàá.
Ní mọ́ṣáláṣí, àga ni mo ṣì fi ń kírun, lẹ́bàá ògiri.
Ìrora ò tíì lọ, ó kàn ń pẹ́ kó tó dé.

Lánàá, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ kan. Tòsì.
Èmi fúnra mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Sìdíkátù dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi.
Tọ̀tún ló kù.