Jókòó Lé Ọwọ́ Rẹ

Ìyá mi, Zekiye, tó fi ogójì ọdún já ewé tíì
ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Rize, níbi tí òjò kì í gba ìsinmi,
tí kùrukùru ń gòkè láti Òkun Dúdú bí ẹni tí a ránṣẹ́ sí,
jí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ní kí òun dìde.
Apá ọ̀tún kò dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé ìwòsàn. Nígbà tó padà wálé,
mo sọ ara mi di ọ̀tún rẹ̀.
Mo bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, mo de bọ́tìnnì rẹ̀,
mo we ìborí fún un,
mo nu ẹnu rẹ̀ kí òun gan-an tó mọ̀ pé ẹnu rin.
Hamiyet tó múlé tì wá ní, "Sevim, ọmọ bíi tìrẹ ṣọ̀wọ́n."
Mo gbọ́, inú mi dùn.
Mi ò wo ojú ìyá mi.

Binnur dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára bàtà.
Kì í ṣe dókítà. Kò gbé abẹ́rẹ́, kò gbé oògùn.
Mo ń retí kó béèrè ibi tó ń dùn ún.
Ó ní: "Kí ni ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe?"

Ìyá mi dákẹ́ títí. Ahọ́n rẹ̀ wúwo.
"Tíì," ló wí. "Kí n dà á... fún àlejò."

Ẹ wá wo ohun tí obìnrin náà fi ilé ìdáná wa dà!
Ó tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kí abọ́ má baà sá lọ.
Ó kan ìṣó méjì mọ́ pákó, ó fi tòmátì gún un,
kí ọ̀bẹ òsì rí ẹni tó dúró dè é.
Ó so okùn pupa mọ́ imú síìpù ẹ̀wù òtútù.
Ó gbé ṣúgà kúrò lórí pẹpẹ, ó gbé e síbi tí apá tó.
Bọ́tìnnì nìkan ló kọ̀.
Oṣù kan gbáko, bọ́tìnnì kọ̀ jálẹ̀.
Binnur rẹ́rìn-ín: "Bọ́wọ́ ò bá gbọ́, ẹ jẹ́ ká bá ẹ̀wù sọ̀rọ̀."
Ó rán aṣọ alẹ̀mọ́ra sẹ́yìn bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó wá kọjú sí mi: "Ìwọ, jókòó lé ọwọ́ rẹ."
Mo rò pé eré ni.
"Méjèèjì."

Mi ò ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí.
Omi tútù la fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi tútù ṣáá.
Ìyá mi gbé ìkòkò, ìkòkò gbọ̀n, tábìlì mu omi ju ife lọ.
Ife kékeré tó tín-ín-rín níbàdí bọ́, ó fọ́.
Èkejì fọ́.
Ọwọ́ mi ń jà lábẹ́ ìdí mi bí ẹja inú àwọ̀n:
jẹ́ kí n gbà á, jẹ́ kí n ṣe é, jẹ́ kó tán!
Ibẹ̀ ló ti yé mi.
Ọwọ́ ni mo rò pé mò ń fún un,
ọ̀wọ̀ ni mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀tún kò jí tán. Bóyá kò ní jí tán.
Ó kàn ti kọ́ bí a ṣe ń fara ti ife kó má yí,
nígbà tí òsì bá ń da tíì.
Wọ́n ní ọ̀tún ní í wẹ òsì.
Nílé wa, òsì ń wẹ ọ̀tún, kò sì kà á sí gbèsè.

Lánàá, Binnur wá dágbére.
Àlejò ni lánàá, kì í ṣe olùkọ́.
Ìyá mi we ìborí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wọ́ sápá kan,
ó da tíì gbígbóná. Ó pẹ́.
Òjò bẹ̀rẹ̀, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Èyí tó wà nínú àwo fẹ́ẹ̀ pọ̀ tó ti inú ife.
Binnur mu ti ife, ó gbé àwo sẹ́nu, ó fa ìyẹn náà.

Mo na ọwọ́ sí ṣúgà, kí n ṣáà bá wọn sún un.

"Sevim," ni ìyá mi wí, ketekete.
"Jókòó."